Wọ́n Fi Orúkọ Fọláwùmí Wọlé

“Ta ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi? Mo ní ta ni?!”

Igbe Fọláwùmí gba gbogbo láàbù kan lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, àwọn tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń retí kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn sì gbójú sókè. Kì í ṣe ilẹ̀kùn onígi ni ó ń wí. Ilẹ̀kùn inú kọ̀ǹpútà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó ti tẹ páásìwọọ̀dù rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni kọ̀ǹpútà sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n.

“Ìyàwó, kí ló dé tí o ń ké bí ẹni tí agbọ́n ta?” Jẹ́jẹ́lọlá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ni ó sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn káńtà, tí ó ń fi èékánná pupa tẹ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. “Bóyá o ti gbàgbé páásìwọọ̀dù rẹ. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, a kì í ṣe ọmọdé mọ́.”

“Àǹtí mi, mi ò gbàgbé nǹkan kan. Ọjọ́ Ẹtì ni mo lò ó kẹ́yìn.”

“Ó dáa, kí ni ó kọ sí ọ lójú?”

Fọláwùmí kà á síta: “Ẹ kò ní àṣẹ láti wọ ibí. Ẹ kàn sí alábòójútó yín.”

“Ṣé o gbọ́? Kàn sí alábòójútó.”

“Èmi ni alábòójútó!”

Jẹ́jẹ́lọlá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rín ẹni tí ó ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀, tí ó sì ti fi ewé bò ó, ni ẹ̀rín náà. Ṣùgbọ́n Fọláwùmí kò tíì mọ̀ nígbà yẹn.

Láàbù àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni Fọláwùmí àti Abíọ́dún ọkọ rẹ̀ ní ní Ring Road, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Fọláwùmí ni ó kàwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ó wà lórí ìwé àṣẹ tí wọ́n fi há ògiri. Abíọ́dún ní tirẹ̀ a máa lọ bá àwọn dókítà àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, a máa bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè máa rán èèyàn wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ju iṣẹ́ lọ lójú Fọláwùmí. Olúṣẹ̀yẹ, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ nígbà tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde mú un lọ. Bàbá àti ìyá wọn kò mọ jẹ́nótáìpù ara wọn kí wọ́n tó fẹ́ra. Ọjọ́ tí wọ́n sin ọmọ náà ni Fọláwùmí ti pinnu pé òun yóò máa sọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún àwọn èèyàn kí ó tó pẹ́ jù.

Jẹ́jẹ́lọlá ńkọ́? Fọláwùmí fúnra rẹ̀ ni ó lọ mú un wá láti Àpáta nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ilé sì sú u. Ó kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà, ó fi í jókòó sẹ́yìn káńtà, ó ń pè é ní Àǹtí mi níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Àṣé ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu!

Ètò tí wọ́n ń lò lórí kọ̀ǹpútà láàbù náà, kálukú ní àkáǹtì tirẹ̀ níbẹ̀, kálukú sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tí ó ń gba ẹ̀jẹ̀ kò lè kọ èsì. Ẹni tí ó wà ní káńtà lè tẹ èsì jáde sórí ìwé, ṣùgbọ́n kò lè yí lẹ́tà kan padà nínú rẹ̀. Onímọ̀ àyẹ̀wò nìkan ni ó ń kọ èsì, orúkọ rẹ̀ á sì hàn nísàlẹ̀ ìwé. Àkáǹtì kan ṣoṣo ni ó ga ju gbogbo wọn lọ, ti alábòójútó. Òun ni ó ń ṣí fún èèyàn, òun ni ó ń ti èèyàn síta. Ọwọ́ Fọláwùmí ni èyí wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó ń ta Jẹ́jẹ́lọlá lára nìyí. “Nínú láàbù àbúrò mi, ọmọ tí mo gbé pọ̀n, wọ́n á ní ibì kan wà tí èmi ò lè wọ̀?” Lójoojúmọ́ ni ó ń sọ ọ́ sí Abíọ́dún létí. “Ìyàwó rẹ ni ó kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ó bá lé ọ jáde, ibo lo máa gbà wọlé?” Etí Abíọ́dún fẹ́lẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó wọ ibẹ̀ tí ó tún ń jáde.

Nígbà tí Abíọ́dún dé lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé náà, ó fọwọ́ ra ìyàwó rẹ̀ léjìká. “Fọlá, fara balẹ̀. Àwọn tí ó ni ètò yìí ló ń tún un ṣe. Máa kọ èsì rẹ sínú ìwé ńlá ná, Àǹtí á máa bá ọ tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ti yọ̀ǹda fún un ná.”

“Kí ló dé tó jẹ́ èmi nìkan ni àtúnṣe náà kàn?”

“Ṣé èmi ni mo ṣe kọ̀ǹpútà ni?”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni Fọláwùmí fi kọ èsì sínú ìwé ńlá bí akẹ́kọ̀ọ́. Nọ́ńbà nìkan ni ó wà lára ìgò ẹ̀jẹ̀, kò sí orúkọ. Ó ń kọ nọ́ńbà, ó ń kọ èsì, Jẹ́jẹ́lọlá á sì gbé ìwé lọ sí káńtà. Ní ọjọ́ kejì ni Fọláwùmí pe ilé iṣẹ́ tí ó ni ètò náà. Orin ni wọ́n fi sí i létí fún ogún ìṣẹ́jú kí ọmọbìnrin kan tó gbé e.

“Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí alábòójútó yín pè wá.”

“Èmi ni alábòójútó.”

“Kì í ṣe ohun tí mo rí níbí nìyẹn mà.”

“Ta ni ẹ wá rí níbẹ̀?”

“A ò lè sọ fún ẹni tí kì í ṣe alábòójútó mà.”

“Ẹni tí mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn, òun náà lẹ ní kí n rán wá bá yín?!”

“Ẹ má bínú mà. Ǹjẹ́ nǹkan mìíràn wà tí a lè bá yín ṣe?”

Fọláwùmí ju fóònù sórí tábìlì. Ó tún pè lọ́jọ́ kẹta. Ó pè lọ́jọ́ karùn-ún. Ó kọ̀wé ránṣẹ́, èsì tí ó rí gbà kò ju ìlà kan: Ẹ kàn sí alábòójútó yín. Àfi bí ẹni tí ó ń kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀, tí olè ń ti inú ilé dáhùn pé baálé kò sí nílé!

Ní ọjọ́ kẹwàá, Abíọ́dún ní àwọn tí ó ni ètò ti fi páásìwọọ̀dù tuntun ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà sì gbà á wọlé. Ayọ̀ rẹ̀ kò pẹ́. Kò rí ibi tí wọ́n ti ń ṣí àkáǹtì mọ́, kò rí àkọsílẹ̀ ohun tí kálukú ṣe, kò tilẹ̀ lè wo èsì ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Wọ́n ti sọ ọ̀gá di ọmọ iṣẹ́ nínú láàbù rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nílé wọn ní Òkè Àdó, Fọláwùmí kò jẹ́ kí Abíọ́dún tíì bu òkèlè kejì.

“Bàbá Ìrètí, ẹ wojú mi. Ta ni ó yọ mí kúrò?”

“Ìyọnu rẹ pọ̀! O lè kọ èsì, àbí o ò lè kọ ọ́? Kí lo tún fẹ́?”

“Mo fẹ́ mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ orúkọ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀!”

“Orúkọ rẹ, orúkọ rẹ! Ṣé orúkọ tèmi kì í ṣe orúkọ ni? Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ kí n tó rí ohun tó ń lọ nínú iṣẹ́ tí a jọ dá sílẹ̀!” Ó ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn, ọbẹ̀ dànù sórí aṣọ tábìlì.

“Ìgbà wo lẹ bèèrè tí mo kọ̀ fún yín?”

Abíọ́dún dìde lórí àga. Ó bọ́ síta. Fọláwùmí dúró níbẹ̀ ó ń nu ọbẹ̀, ó ń nù ún títí ibi tí kò ní ọbẹ̀ pàápàá fi ń dán. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí yóò bínú sí.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ayọ̀ ń bọ̀ nínú ẹbí. Tìmílẹ́hìn, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Jẹ́jẹ́lọlá bí, fẹ́ gbé Ẹwàolúwa níyàwó. Ọmọ Pùròfẹ́sọ̀ Adéfọlárìn ti Bódìjà ni Ẹwàolúwa. Jẹ́jẹ́lọlá kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju ilé àna rẹ̀ lọ: báyìí ni gbàgede wọn ṣe rí, báyìí ni ìwé ṣe kún inú yàrá wọn. Inú Fọláwùmí náà dùn, nítorí oníwà pẹ̀lẹ́ ni Tìmílẹ́hìn, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Fọláwùmí, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Pùròfẹ́sọ̀ Adéfọlárìn gun àtẹ̀gùn láàbù náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ìwé méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

“Ta ni Fọláwùmí níbí?”

“Èmi ni, sà. Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Kà á!” Ó na ìwé kìn-ín-ní sí i. “Láàbù yín ló ti jáde. Ó ní AA ni Tìmílẹ́hìn. AS lọmọ tèmi, a ní a dúpẹ́, kò séwu. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò níbòmíràn kí wọ́n tó kéde ìgbéyàwó. Wo èkejì! AS! Àwọn méjèèjì ló jẹ́ AS! Kí lo fẹ́ kí wọ́n bí, obìnrin yìí? Kí lo fẹ́ kí n máa gbé lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ ogbó mi?!”

Fọláwùmí gba ìwé kìn-ín-ní. Ó wo ìsàlẹ̀ ìwé náà. Orúkọ rẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ pátá.

“Sà, mi ò kọ èyí.”

“Orúkọ ta ni?”

“Orúkọ mi ni, sà, ṣùgbọ́n…”

“Àṣé orúkọ rẹ ní ẹsẹ̀, ó ń dá rìn!”

Ariwo ta lẹ́yìn káńtà. Jẹ́jẹ́lọlá ti ká ọwọ́ lérí. “Yéè! Fọláwùmí, kí ni mo fi ṣe ọ́? Kí ni ọmọ mi fi ṣe ọ́ tí o fi fẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́? Ìlara ni! Ọmọbìnrin kan péré lo bí, èmi bí ọkùnrin, ìyẹn ló ń bí ọ nínú! Ẹ gbà mí o, ìyàwó ilé wa fẹ́ pa mí!”

Àwọn tí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò ń wo Fọláwùmí bí ẹni ń wo àjẹ́. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní àwọn kò ṣe mọ́. Fọláwùmí sáré lọ gbé ìwé ńlá. Ó ṣí i, ó ṣí i padà. Ojú ìwé mẹ́rin ti ya kúrò, etí wọn nìkan ló kù lára okùn.

“Títí di ọjọ́ Ẹtì,” ni Pùròfẹ́sọ̀ wí. “Tí mi ò bá gbọ́ ohun tí ó mọ́gbọ́n wá, mo ń lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ó fún ọ níwèé àṣẹ. O ò ní fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé rẹ.”

Wọn kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí Abíọ́dún fi pe ìyàwó rẹ̀ sínú ọ́fíìsì. Lẹ́tà kan ti wà lórí tábìlì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé òun Fọláwùmí jẹ́wọ́ àṣìṣe, òun ń tọrọ àforíjì, òun sì ń fi ìṣàkóso láàbù sílẹ̀ fún ọkọ òun àti Jẹ́jẹ́lọlá.

“Buwọ́ lù ú, kí ọ̀rọ̀ yìí lè rọlẹ̀. Nítorí tìrẹ náà ni mo ṣe ń sọ ọ́. Bí Pùròfẹ́sọ̀ bá rí i pé o rẹ ara rẹ sílẹ̀, inú rẹ̀ lè rọ̀.”

“Ìgbà wo lẹ tẹ lẹ́tà yìí, Bàbá Ìrètí? Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ni.”

“Ṣé ìbéèrè lo fẹ́ bèèrè ni, àbí o fẹ́ gba ara rẹ là?”

Fọláwùmí mú bírò. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Oṣù kan ni ó ti ń kan ilẹ̀kùn, ọwọ́ ti ń bó o. Ó tẹ orí bírò mọ́ ìwé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tún bọ́ sórí èsì tí Pùròfẹ́sọ̀ fi sílẹ̀. Nísàlẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà wẹ́wẹ́, kọ̀ǹpútà kọ ìgbà tí wọ́n fi èsì náà wọlé: Ọjọ́bọ, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjì.

“Ọjọ́ kejìlá,” ni ó wí jẹ́jẹ́. “Bàbá Ìrètí, ọjọ́ kejìlá, ìta ni mo wà. Wọ́n ti tì mí síta. Báwo ni mo ṣe wá kọ èsì nínú ilé tí mi ò lè wọ̀?”

Abíọ́dún ti lẹ́tà náà sún mọ́ ọn. “Kọ̀ǹpútà… kọ̀ǹpútà náà a máa ṣàṣìṣe.”

Fọláwùmí dá bírò padà sórí tábìlì.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ, ó yọ ìwé àṣẹ rẹ̀ lára ògiri, ó fi aṣọ wé e, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Challenge, níbi tí ilé iṣẹ́ tí ó ni ètò náà wà. Ọ̀nà dí. Oòrùn ń jó o. Nígbà tí ó dé, wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó wákàtí méjì. Wọ́n ní ṣé alábòójútó rẹ̀ ni ó rán an wá. Ibẹ̀ ni sùúrù rẹ̀ já.

“Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi létí mọ́! Mi ò ní kúrò níbí! Ẹ pe ọ̀gá yín!”

Ọ̀gá wọn jáde, obìnrin kan tí ó fi ìborí wé orí, Islamiat lorúkọ rẹ̀. Fọláwùmí tú aṣọ, ó gbé ìwé àṣẹ sórí tábìlì níwájú rẹ̀.

“Orúkọ tó wà lórí ìwé yìí lòfin mọ̀. Bí ẹnì kan bá kú nítorí èsì tó ti láàbù yẹn jáde, èmi ni wọ́n á mú, wọn ò ní mú alábòójútó tí ẹ ò fẹ́ dárúkọ. Ẹ sọ fún mi, ta ni mo ṣẹ̀?”

Islamiat dìde. Ó lọ mú fáìlì kan wá. “Mà, mi ò fẹ́ kí ẹ bínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ̀wé pé ká gbé e kúrò lọ́wọ́ yín, ká gbé e fún ọkọ yín. Òun ló sì ní ká ṣí irú rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ buwọ́ lù ú. Ẹ wò ó.”

Fọláwùmí wò ó. Ó mọ ọwọ́ náà. Ó mọ bí ẹni tí ó kọ ọ́ ṣe máa ń fa ìrù lẹ́tà ìkẹyìn sókè. Ọwọ́ tí ó kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí i ní yunifásítì ni. Ọwọ́ Abíọ́dún ni.

Ó bèèrè fún ìwé funfun, ó buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà náà. Islamiat wo tibí, ó wo tọ̀hún. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Sùbúhànálláhì! Mà, a jẹ̀bi. Ó yẹ ká ti pè yín ká tó ṣe é. Àwọn tó kọ́kọ́ buwọ́ lùwé àdéhùn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ká tó ṣí àkọsílẹ̀. Lọ́la, èmi fúnra mi á wá.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, wọ́n pé sí yàrá ńlá láàbù. Pùròfẹ́sọ̀ jókòó pẹ̀lú Ẹwàolúwa. Tìmílẹ́hìn dúró nítòsí fèrèsé, ojú rẹ̀ pọ́n. Jẹ́jẹ́lọlá wọ aṣọ dúdú bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀. Nígbà tí Islamiat gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kalẹ̀, tí ó sọ ibi tí ó ti wá, Abíọ́dún dìde bí ẹni tí iná jó.

“Ta ló pè yín? Èmi ni alábòójútó, mi ò pè yín!”

“Ẹ jókòó, sà. Lẹ́tà tó sọ yín di alábòójútó ló mú mi wá. Bí ẹ bá sì lé mi, ọlọ́pàá ni yóò bá yín kà á.”

Ó jókòó.

“Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀,” ni Islamiat wí. “Ẹnikẹ́ni ò lè nù ún, àwa pàápàá ò lè nù ún. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, aago méje òwúrọ̀: àkáǹtì Jẹ́jẹ́lọlá yí páásìwọọ̀dù Fọláwùmí padà. Ọjọ́bọ, ọjọ́ kejìlá, aago mẹ́wàá àbọ̀: ẹnì kan fi orúkọ Fọláwùmí wọlé láti orí kọ̀ǹpútà káńtà. Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gọ́ta, ó kọ AS sí nọ́ńbà tí a ń wí yìí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó yọ S, ó fi A sí i.”

Ìṣẹ́jú mẹ́rin! Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ìyá kan fi jókòó níwájú nọ́ńbà, tí ó wá wo ẹni tí ó ni ín, tí ó rí i pé ọmọ òun ni, tí ó sì yàn láti purọ́.

“Irọ́ ni!” Jẹ́jẹ́lọlá fò sókè. “Kọ̀ǹpútà ń purọ́! Wọ́n ti gbìmọ̀ pọ̀! Ẹ gbé Bíbélì wá, mo máa búra! Kí Ọlọ́run…”

“Mọ́mì, ẹ má búra.” Tìmílẹ́hìn kò pariwo. “Láti kékeré lẹ ti ń sọ fún mi pé AA ni mí. Ṣé ẹ mọ̀?”

“Ọmọ mi, tẹ́tí sí mi…”

“Mo ní ṣé ẹ mọ̀, Mọ́mì!”

“Mo mọ̀!” Ó bú sẹ́kún. “Mo mọ̀! Kí ni kí n ṣe? Ìdílé wo ló tún máa mú ọ bí ọmọ báyìí, ìwọ tí o ò ní bàbá? Èmi náà fẹ́ jókòó láàárín àwọn èèyàn ńlá. Mo ní àdúrà á gbé e kúrò. Mo ní kò sóhun tó le jù fún Ọlọ́run!”

Ẹwàolúwa ló dá a lóhùn, omijé ń dà lójú rẹ̀. “Mà, inú egungun ọmọ mi ni àdúrà yín ì bá ti máa jà.”

“Àǹtí, ẹ wá sọ ti ojú ìwé tí ẹ ya,” ni Fọláwùmí wí. “Ẹ sọ ìdí tó fi jẹ́ orúkọ tèmi.”

“Orúkọ ta ni ǹ bá tún fi sí i?” Jẹ́jẹ́lọlá yíjú sí i bí ejò. “Ìwọ tí gbogbo nǹkan jẹ́ tìrẹ! Kí ìwọ náà pàdánù nǹkan kan rí!”

“Mo ti pàdánù rí, Àǹtí. Ẹ mọ ohun tí mo pàdánù.”

Islamiat wúkọ́. “Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ìlà kan. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹta, àkáǹtì Abíọ́dún ṣí àkọsílẹ̀ èsì yìí kan náà. Ó wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ó gbìyànjú láti pa á rẹ́. Kò ṣeé pa rẹ́.”

Fọláwùmí yí ọrùn díẹ̀díẹ̀ wo ọkọ rẹ̀. Ti lẹ́tà, ó ti mọ̀. Ó ti fi odidi ọjọ́ kan sọ fún ara rẹ̀ pé ìbẹ̀rù àti etí fífẹ́lẹ́ ló fà á. Ti èyí, kò mọ̀.

“Ẹ mọ̀,” ni ó wí. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ fi mọ̀.”

Abíọ́dún ti wà lórí eékún rẹ̀. “Fọlá, dákun! Mo rántí pé Àǹtí ti sọ fún mi rí pé AS lọmọ náà, ìyẹn ni mo ṣe lọ wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ni! Ó sunkún sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ní kí n ronú ohun tí mo lè ṣe…”

“Ohun tí ẹ ronú kàn ni lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ sílẹ̀ dè mí. Ẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́ mi, ẹ̀ ń wò mí bí mo ṣe ń ra aṣọ ìgbéyàwó àwọn ọmọ yìí. Abíọ́dún!” Láti ọdún tí ó ti wọlé ọkọ, kò pe orúkọ yẹn lásán rí. “O wà lára àwọn tó gbé pósí Olúṣẹ̀yẹ. Èjìká rẹ ni ó wà. O mọ bí ó ṣe fúyẹ́. O sì fẹ́ jẹ́ kí wọ́n lọ bí òmíràn!”

Pùròfẹ́sọ̀ Adéfọlárìn dìde, ó ṣí fìlà lórí, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. “Ìyá Ìrètí, mo bú ẹni tí kò ṣẹ̀. Ẹ forí jì mí.” Fọláwùmí kúnlẹ̀ kíákíá, ó ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Pùròfẹ́sọ̀ lọ fi ẹjọ́ náà sùn, ọlọ́pàá sì pe Jẹ́jẹ́lọlá títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi mọ ọ̀nà ọ́fíìsì wọn. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Àpáta, ilé tí ó ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Èyí tí ó dùn ún jù ni pé Tìmílẹ́hìn, ọmọ tí ó tìtorí rẹ̀ purọ́, kò gbé ìpè rẹ̀. Òun àti Ẹwàolúwa jókòó sínú ọkọ̀ níwájú láàbù fún wákàtí kan lọ́jọ́ náà, wọ́n sunkún, wọ́n sì gbà láti tú àdéhùn ìgbéyàwó wọn ká. Ìfẹ́ wọn kò ní àbùkù kankan. Ìyẹn ni ó mú kí ó dunni.

Fọláwùmí padà di alábòójútó. Àwọn àgbà ẹbí wá láti Mọ́kọ́lá, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí ahọ́n wọn fi gbẹ. Ó gbọ́ wọn jáde.

“Mi ò ní kó jáde nílé mi,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ fi wà lọ́wọ́ wọn, èsì èèyàn méjìléláàádọ́fà ló ti láàbù yẹn jáde pẹ̀lú orúkọ mi. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ níbẹ̀. Gbogbo wọn ló máa padà wá, mo máa tún ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Abíọ́dún ló máa pè wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì sọ ohun tó ṣe fún wọn. Tí ó bá pè wọ́n tán, ká wá sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó èmi àti òun.”

Ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, Abíọ́dún jókòó sẹ́yìn káńtà pẹ̀lú fóònù àti ìwé orúkọ. Kò ní àkáǹtì kankan mọ́ lórí kọ̀ǹpútà náà.

“Ẹ kú àárọ̀ mà. Láti láàbù Ring Road ni mo ti ń pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lo èsì tí a fún yín lóṣù Kẹta. Ẹnì kan fi orúkọ onímọ̀ àyẹ̀wò wa wọlé… Rárá mà, òun kọ́. Òun ò mọ̀dí. Èmi ni. Èmi ọkọ rẹ̀ ni mo fún wọn láyè.”

Èébú obìnrin náà jáde nínú fóònù dé ibi tí Fọláwùmí dúró sí pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Ó bú u fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nígbà tí Abíọ́dún gbé fóònù sílẹ̀, òógùn ti bò ó lójú. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ń retí pé yóò ní ó tó.

Fọláwùmí rìn wá síbi káńtà, ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí orúkọ tí wọ́n ti pè, ó sì fi ìka tọ́ka sí èyí tí ó tẹ̀ lé e.